Ẹsẹ̀ Ta Ló Gbé E Lọ?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wá kí mi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ó dọ̀bálẹ̀, mo ní kó dìde, ó jókòó sí ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà, ó wá ń yí fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni tó ń ka tẹ̀súbáà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú. Ó pẹ́ kó tó là á: "Bàbá, a fẹ́ ṣe ìwọ́de ní iléèwé wa lórí owó tí wọ́n fi kún owó ilé gbígbé. Wọ́n ní kí n wá ṣe aṣáájú. Ṣé kí n ṣe é?" Mo ní kó jẹun ná. Ẹ̀bà wà nílẹ̀, ẹ̀fọ́ rírò ṣì wà lórí iná.

Ẹ̀yin ọmọ mi, kì í ṣe pé mo fẹ́ fi òkèlè dí i lẹ́nu. Ìbéèrè yẹn ti ń bá mi sùn, ó ti ń bá mi jí, ó ti lé ní 40 ọdún. Ìgbà tí mo ka àwọn ìwé ìtàn àròsọ kan ni ọ̀rọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi. Ìtàn wọn ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, tèmi náà á sì yọjú láàárín rẹ̀.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1945, tí ogun Hitler ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, Jean-Paul Sartre dìde sọ̀rọ̀ ní Paris níwájú èrò tó há gádígádí. Ó sọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan tó wá bá a nígbà tí àwọn Jámánì ṣì jókòó lé ìlú náà lórí. Wọ́n ti pa ẹ̀gbọ́n ọmọ náà lójú ogun ní 1940. Bàbá àti ìyá rẹ̀ kò rẹ́ mọ́. Òun nìkan ló kù tí ìyá rẹ̀ ń wò tí ojú rẹ̀ ń là. Ọmọ náà fẹ́ sá lọ sí Ìlú Ọba láti lọ bá àwọn ọmọ Faransé tó ń jà níbẹ̀. Bó bá lọ, ìyá rẹ̀ lè ti ibẹ̀ kú. Bí kò bá lọ, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kọ́? Sartre dá a lóhùn pé ìwọ lo ni ara rẹ, lọ yan èyí tí o fẹ́ yàn.

Inú bí mi nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Irú àgbà wo nìyẹn? Nílé tiwa, wọn ì bá ti pe mọ̀lẹ́bí jọ. Ẹni tó ń dífá á dífá, ẹni tó ń gbàdúrà á wọlé àdúrà lọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà fi gbólóhùn kan kún un tí mi ò tíì rí fèsì sí títí dòní: ó ní ẹni tó ń wá ìmọ̀ràn ti yan ìmọ̀ràn tó fẹ́ gbọ́ láti ìgbà tó ti yan ẹni tó máa lọ bá. Ẹ wo ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá rẹ̀ wà láyé, ara rẹ̀ le koko, kò bi í. Èmi ló wọkọ̀ wá bá, nítorí ó ti gbọ́ nínú ilé pé èmi náà ṣe ìwọ́de rí.

Àwọn onírònú bíi Sartre ni wọ́n ń pè ní existentialist. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ gígùn dẹ́rù bà yín. Wọ́n ní alágbẹ̀dẹ mọ ohun tí ọ̀bẹ máa gé kó tó rọ ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rọ èèyàn bẹ́ẹ̀. Èèyàn á kọ́kọ́ wà, ohun tó bá ń ṣe lójoojúmọ́ ló ń sọ ọ́ di irú ẹni tó jẹ́. Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu yín: Yorùbá ní a ti kúnlẹ̀ yan orí nílé Àjàlá ká tó wáyé. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló kúnlẹ̀? Ta ló na ọwọ́ mú orí? Lọ́dọ̀ tiwa náà, yíyàn ni. Àwọn àgbà Ifá tún fi yé wa pé orí nìkan kò tó, pé orí tí kò ní ẹsẹ̀ kò lè dé ibi tó ń lọ. Ẹ bá mi di ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí mú, mo ń bọ̀ wá gbà á.

Sartre kọ ìwé ńlá kan lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1943, ó ju 700 ojú ewé lọ. Mi ò kà á parí, mi ò sì ní purọ́ fún yín. Ìtàn ni èmi lè kà.

Ìtàn tó mú mi lọ́kàn jù ni ti Simone de Beauvoir, obìnrin tó bá Sartre rìn títí ọjọ́ ikú. Ó kọ ọ́ nígbà tí àwọn Jámánì ṣì wà ní Paris, ó sì jáde ní 1945. Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Ẹlòmíràn ni ìtumọ̀ orúkọ ìwé náà. Mo rà á ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ìwé àlòkù lẹ́bàá títì n'Íbàdàn, èèpo rẹ̀ ti já, ẹnì kan sì ti fi bírò fa ilà sábẹ́ gbogbo ibi tí kò ṣe pàtàkì.

Jean Blomart ni ẹni tí ìtàn náà dá lé. Ọmọ ọlọ́lá ni, bàbá rẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé. Ó ṣì kéré nígbà tí ọmọ ọwọ́ Louise, obìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé, kú. Kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn án, síbẹ̀ ẹ̀bi kan wọ̀ ọ́ lára lọ́jọ́ náà tí kò kúrò mọ́. Ó dàgbà tán, ó fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ di òṣìṣẹ́ bíi mẹ̀kúnnù. Ó wọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ó sì fa àbúrò ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Jacques, wọ inú rẹ̀. Jacques kú nínú rògbòdìyàn ìṣèlú.

Ibí ni mo ti pa ìwé náà dé. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó tún ṣí i.

Ohun tó fà á ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1978. Ìjọba ológun fi owó kún oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí à ń jẹ ní 50 kọ́bọ̀ lójúmọ́ di náírà kan àbọ̀. Ali ni orúkọ kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ìwọ́de ọ̀hún ní "Ali Must Go" títí dòní. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kú l'Ékòó, wọ́n kú ní Zaria. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìwọ́de tiwa, èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, à ń mu gààrí. Ó ní òun ò ní í lọ. Ó ní ìdánwò ti sún mọ́lé, pé òun nìkan ni ìyá òun gbójú lé. Mo ní, "Ojo ni ẹ́." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ó wò mí, ó gbé ife gààrí sílẹ̀, kò mu ún tán. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun ló kọ́kọ́ wọ bàtà.

Ìbọn bà á lórúnkún. Èmi ò ní ju tíágáàsì tó ń ta mí lójú. Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ dé ọsibítù, ó gbé fúláàsìkì ògì gbígbóná dání, kò gbé e kalẹ̀, ó kàn fà á mọ́ àyà. Kò bi dókítà bóyá ọmọ òun á tún rìn. Èmi ló kọjú sí: "Ta ló pè é jáde?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, Mà."

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìwé. Ikú Jacques mú Jean pinnu pé òun ò ní fọwọ́ kan ohunkóhun tó lè ṣe ẹnikẹ́ni léṣe mọ́. Ó kúrò nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, ó dì mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nìkan, ó ní kí kálukú máa ṣe tirẹ̀. Ọmọbìnrin kan, Hélène, fẹ́ràn rẹ̀, Jean lé e, ó ní òun ò fẹ́ kó bá ti òun jẹ́. Lílé yẹn gan-an ló kó ìyà jẹ Hélène. Wọ́n ń pa àwọn èèyàn ní Sípéènì, Jean ń wòye. Àwọn Jámánì ń gba ìlú lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ń wòye. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ò kàn yín, pé ẹ kàn fẹ́ jáde ní tiyín, ẹ fara balẹ̀ ka ojú ewé wọ̀nyẹn. De Beauvoir ò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni, ó kàn jẹ́ ká rí ọkùnrin kan tó ká ọwọ́ gbera kí ẹ̀jẹ̀ má bàa ta sí i, tí ẹ̀jẹ̀ wá ń ṣàn gba ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ogun dé, Jean di sójà. Hélène wá ọ̀nà ẹ̀bùrú, wọ́n gbé Jean kúrò níwájú ogun wá sí ibi tí ewu kò sí. Ẹ ò ní gbà gbọ́ bí Jean ṣe bínú tó. Ta ló ní kó yan fún òun? Ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, nítorí ohun tí òun náà ti ṣe fún Hélène tẹ́lẹ̀ nìyẹn gẹ́lẹ́.

Hélène kò bìkítà nígbà tí àwọn Jámánì kọ́kọ́ wọ Paris. Ó ń jẹ, ó ń mu. Ó wá di ọjọ́ kan, wọ́n ń kó àwọn Júù, ó fojú ara rẹ̀ rí i bí wọ́n ṣe ń já ọmọdé gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Kì í ṣe ìwé ló kà, kì í ṣe ìpàdé ló lọ. Láti ìgbà yẹn ni kò ti lè jókòó mọ́. Ó wá Jean lọ, Jean ti di aṣáájú àwọn tó ń bá Jámánì jà lábẹ́lẹ̀, òun náà wọ inú rẹ̀. Ó jáde iṣẹ́ lóru ọjọ́ kan, ìbọn bà á. Inú òru kan ṣoṣo ni gbogbo ìtàn náà wà: Jean jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, Hélène ń kú lọ, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Laurent sì ń retí ìdáhùn rẹ̀ lórí bóyá kí wọ́n lọ dá bọ́ǹbù mìíràn sílẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n mọ̀ pé bí bọ́ǹbù bá bú, àwọn Jámánì á yìnbọn pa àwọn tó wà ní àhámọ́ wọn láti fi gbẹ̀san. Kò sí ibi tí Jean máa ya sí tí ẹnì kan ò ní kú. Hélène là ojú, ó ní òun ò kábàámọ̀, pé òun fúnra òun ló yàn án. Ó kú. Ilẹ̀ mọ́, Laurent wọlé, Jean ní kí wọ́n lọ.

Ṣé ó ṣe dáadáa? Mi ò mọ̀. De Beauvoir kò gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ dídùn tù wá nínú. Ohun tó dá mi lójú ni pé Jean tó dáhùn láàárọ̀ yẹn mọ orúkọ ẹni tó kú, ó fi gbogbo òru wo ojú rẹ̀. Ó yàtọ̀ sí ẹni tó jókòó sí yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù pé kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ jáde.

Albert Camus ní tirẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n ka òun mọ́ existentialist, àmọ́ ìdí àwo kan náà ni wọ́n jọ ń bù. Algeria ni wọ́n bí i sí. Ogun pa bàbá rẹ̀ ní 1914 nígbà tó wà ní ọmọ ọwọ́, ìyá rẹ̀ kò mọ̀wé, ilé onílé ló ń bá wọn tún ṣe. Ní 1949 ó gbé eré kan jáde lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ní Moscow ní 1905. Àwọn ọ̀dọ́ kan fẹ́ pa ìbátan ọba Rọ́ṣíà tó ń ni ìlú lára. Kaliayev ló máa ju bọ́ǹbù. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin dé, ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sókè, ó rí ọmọdé méjì nínú rẹ̀. Ọwọ́ kò lè jù ú. Ó padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, Stepan bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Ẹ má ṣe kórìíra Stepan kíákíá, wọ́n ti nà án ní pàṣán lẹ́wọ̀n. Ó ní nítorí ọmọ méjì yìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni ebi máa pa. Ẹ ti gbọ́ irú ìṣirò yìí rí, àwọn ìjọba wa náà mọ̀ ọ́n ṣe. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ọkùnrin náà nìkan ló wà nínú ọkọ̀, Kaliayev jù ú. Wọ́n mú un, wọ́n so ó kọ́. Nínú eré náà, ó gbà pé bí òun ṣe fi ẹ̀mí tòun dí i, gbèsè ti tán. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí kì í ṣe owó ẹ̀yáwó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó dúró lókè tó kọ̀ láti sọ̀kalẹ̀ yẹn, mo máa ń rántí rẹ̀ bí mo bá ń gbọ́ ìròyìn.

Ọ̀rọ̀ náà padà wá bá Camus fúnra rẹ̀ nílé. Ogun òmìnira Algeria bẹ̀rẹ̀ ní 1954, bọ́ǹbù ń bú ní ìgboro Algiers níbi tí ìyá rẹ̀ ń gbé. Ní 1956 ó lọ síbẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí ìhà méjèèjì fi àwọn tí kò gbé ìbọn sílẹ̀, èrò dúró níta gbọ̀ngàn tí wọ́n ń pariwo pé kí wọ́n pa á. Nígbà tó lọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1957, ọmọ Algeria kan bi í léèrè, ó sì fèsì pé ìyá òun lè wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń ju bọ́ǹbù sí, pé bó bá jẹ́ pé ìdájọ́ òdodo nìyẹn, ìyá òun ló kàn òun. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ kárí Paris. Mi ò lè bá wọn ṣe é. Àmọ́ mo ní ẹjọ́ tèmi pẹ̀lú rẹ̀: ìyá àwọn Lárúbáwá náà wà láyé, àwọn sójà Faransé sì ń dá àwọn ọmọ wọn lóró. Nínú ìwé rẹ̀ tó lókìkí, Àjàkálẹ̀ Àrùn, tó jáde ní 1947, ìlú Oran ló ti ṣẹlẹ̀, ìlú tó kún fún Lárúbáwá, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fún lórúkọ. Èèyàn lè ní ojú àánú, kí ibì kan sì wà tí ojú náà kò wò.

Síbẹ̀, ẹ ka ìwé yẹn nítorí Rambert. Akọ̀ròyìn ni, àlejò ni ní Oran, wọ́n ti ìlú pa mọ́ ọn nítorí àrùn, ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sì wà ní Paris. Ó ń wá ọ̀nà tó máa fi sá. Dókítà Rieux, tí kì í sùn, tó ń ṣí eéwo àwọn aláìsàn lọ́sàn-án lóru, kò bú u. Kò pè é ní ojo. Ó ní kò sí ohun ìtìjú nínú kí èèyàn fẹ́ ìgbádùn tirẹ̀. Ẹnì kan ló wá sọ fún Rambert, láìpariwo, pé aya Rieux fúnra rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn ní ọ̀nà jíjìn, pé kò rí i. Rambert dákẹ́. Ó ní òun á bá wọn ṣiṣẹ́ títí òun á fi rí ọ̀nà sá. Nígbà tí ọ̀nà là nígbẹ̀yìn, kò lọ mọ́.

Ẹ ò mọ bí ojú ewé yẹn ṣe dun èmi tó.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká jáde ní àhámọ́ ní 1969, ó kọ ìwé Season of Anomy tó jáde ní 1973. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dentist, èrò tirẹ̀ ni pé kí wọ́n fa àwọn olórí burúkú yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí eyín tó jẹrà. Ofeyi kò fẹ́ gbà, kò sì rí ọ̀rọ̀ tó máa fi borí rẹ̀. Ìwé líle ni, ẹ ní sùúrù fún un.

Bí ọ̀kan nínú yín bá fẹ́ jáde, mi ò ní dá a dúró, àwọn tó dá wa dúró ní 1978 kò rí wa dá dúró. Bó bá fẹ́ pe ẹlòmíràn, mo ní ọ̀rọ̀. Sọ ewu tó wà níbẹ̀ fún un bó ṣe rí gan-an, má fi ìlù àti orin bò ó. Fún un láyè láti sọ pé òun ò lọ, kí o sì tún jẹun pẹ̀lú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bó bá ní òun ń lọ, ìwọ ni kí o wà níwájú rẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá dé, dáhùn.

Nígbà tí mo ka ìwé de Beauvoir tán, mo gbé e lọ bá ọ̀rẹ́ mi. Ó ti di olùkọ́ ìṣirò, ó ń fi ọ̀pá rìn. A ò jọ sọ̀rọ̀ gààrí alẹ́ ọjọ́ náà rí, láti ọdún náà wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, ó fi ọwọ́ dá mi dúró. Ó ní, "O rò pé ojo tó o pè mí ni mo fi lọ? Mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Nígbà tí àkùkọ kọ, mo ti mọ̀ pé mò ń lọ, bó o bá tiẹ̀ yí padà tó o ní kí n má lọ. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn dé ibẹ̀. Má gbà á lọ́wọ́ mi." Lẹ́yìn náà ó fi ọ̀pá gbá ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣùgbọ́n o purọ́ fún ìyá mi."

Ìyá rẹ̀ ti kú nígbà náà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ ẹ̀bà tán, ó fọwọ́, ó padà sí ìjókòó rẹ̀, ó tún bi mí. Mo ní, "Àwọn wo lo fẹ́ pè jáde?" Ó tan fóònù rẹ̀, ó sún mọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti ka orúkọ kan, mo máa ń bi í ní ọmọ ta ni. Àwọn tó mọ̀, ó sọ. Àwọn tí kò mọ̀, ó ń fi àmì sí i.